Mo Ń Tú

Iṣẹ́ àgbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ títí tó fi dọ̀tí ni mò ń fọ̀, màá sá a, màá lọ ọ́, màá sì fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e kí eruku má baà bà á kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ojú ìwé tó sábà máa ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí mo bá ń wé ṣẹ́ẹ̀tì ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti máa ń kọ àwàdà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wé aṣọ àwọn ará àdúgbò yìí lọ súà.

Òun ni Apanilẹ́rìn-ín tí gbogbo ìgboro ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ gé orúkọ náà kúrú, Apani ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín sí i bíi pé àwọn ló dá ẹ̀rín sílẹ̀. Èmi ń pè é ní Bọ̀dá. Ẹni tí Bọ̀dá ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni obìnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Màmá Òkè, tó ti orí òkè wá gbé nígboro, tó ń sọ èdè orí òkè sí tẹrú-tọmọ láìwojú ẹnikẹ́ni. Màmá Òkè ń bá ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ jà. Ó ń kí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ní báńkì, ó ń bèèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ rẹ̀, inú sì ń bí i pé ẹ̀rọ náà ò bèèrè tirẹ̀ padà. Ẹ ti rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i, mi ò ní purọ́.

Màmá Òkè ò sí níbì kankan. Ìyá wa ló wà. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, tí orúnkún Màmá ò gba òkè gígun mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló wá, nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti máa ń wọlé bá wa láti àárọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni Bọ̀dá máa ń wá. Á ra búrẹ́dì dání, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì Màmá, á máa fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí tí yóò fi sọ nǹkan bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Á wá ní, "Màmá, ẹ tún un sọ." Màmá á tún un sọ, inú rẹ̀ á máa dùn pé àkọ́bí òun ò gbàgbé ilé. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ètè Bọ̀dá tó ń mì díẹ̀díẹ̀, tó ń há ọ̀rọ̀ náà sórí.

Mi ò ní kọ èdè wa síbí bó ṣe ń jáde lẹ́nu Màmá. Ẹnì kan ti ṣe ìyẹn, ó sì tó. Ohun tí Màmá bá sọ, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ ni màá ṣe sọ ọ́, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Lọ́dọ̀ wa, tí ojú bá ń ṣú ènìyàn, tí àyà rẹ̀ ń já, tí orúnkún ò fẹ́ gbé e mọ́, tó mọ̀ lára pé ẹ̀mí òun fẹ́ máa lọ, ohun tó máa sọ ni pé, "Mo ń tú." Kò sí ẹni tó ń fi í ṣeré. Ọmọ tó bá fi í ṣeré, ìgbátí ló máa gbà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò jù nù, yóò sáré di ẹni náà mú. Káfíńtà ni bàbá wa. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dúró sí lọ́jọ́ náà, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi pé ojú ń tì í. Màmá ju korobá omi nù, ó dì í mú kó tó kanlẹ̀. Bàbá ò yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló kú sí, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bọ̀dá mọ gbogbo èyí. Ó wà níbẹ̀, òun ló lọ gbé ayùn náà kúrò.

Nígboro, tí nǹkan bá tú, okùn ni, tàbí ìdì ẹrù. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti rí àwàdà rẹ̀. Màmá Òkè wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, èrò kún un dẹ́nu, ooru mú, ó ní, "Mo ń tú o." Awakọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Màmá, ẹ so ó kó le." Ó ní, "Kì í ṣe bàtà." Màmá Òkè tún ní òun ń tú. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ fún un. Ó ní, "Kì í ṣe bàtà." Kí bọ́ọ̀sì tó dúró, gbogbo èrò ti wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń wá okùn tó tú, awakọ̀ gan-an ti kúrò ní ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo kà á, ńṣe ni mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró kí n lè ráyè rín in. Ó dáa gan-an ni. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé tó fẹ́ tètè lọ sílé á di inú mú, á ní, "Mo ń tú o," ọ̀gá rẹ̀ á ní, "So ó kó le," wọ́n á jọ fi ẹ̀rín túká. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi sá fún ìṣirò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wá kí n bá wọn fọ̀ ọ́. Mo máa ń yí i sódì kí n tó lọ ọ́, torí pé áyọ́ọ̀nù tó gbóná lè ba ohun tí wọ́n tẹ̀ jẹ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ojú fèrèsé ni Màmá ti gbọ́ ọ, nígbà táwọn ọmọ ń ti iléèwé bọ̀. Nígbà tí Bọ̀dá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, kò jẹ́ kó tiẹ̀ jókòó.

"Ọ̀rọ̀ tí bàbá yín sọ kẹ́yìn ni wọ́n ń fi ṣeré níta yẹn," ni Màmá wí.

"Màmá, àwọn ará ibí ò mọ̀ ọ́n. Okùn bàtà ni wọ́n pè é."

"Ta ló sọ fún wọn pé okùn bàtà ni?"

Bọ̀dá wo búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwàdà lásán ni, Màmá. Wọ́n fẹ́ràn yín ni."

"Èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Èmi ò bá ilẹ̀kùn jà rí."

"Ẹ bá a jà. Mo wà níbẹ̀. Ẹ ní kó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá kó tó mọ̀. Bí òun àti Bọ̀dá ṣe ń ṣe nìyẹn láti kékeré, kì í lè bínú sí i dópin. Nígbà tó rín in tán, ó nu ojú, ó ní, "Mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀. Èyí tó kù, máa mú wọn lọ, mo fún ẹ." Bọ̀dá ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Òkè tún ń tú, ní ọ́fíìsì ìjọba lọ́tẹ̀ yìí, akọ̀wé mẹ́ta ló sì kúnlẹ̀ tì í.

Mi ò bá a sọ ọ́ lójú Màmá. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo sọ ọ̀rọ̀ sí i lára bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní olóòtú ni kò gbà, pé tí òun bá yọ ọ́, àwọn èèyàn á béèrè. Mo ní kí wọ́n béèrè. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní mo ti jẹ́ oníkanra láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí ọdún náà tó parí, dókítà sọ fún wa pé ọkàn Màmá ò lágbára mọ́. Ó fún un lóògùn, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ wa létí. Tí ojú bá fẹ́ ṣú u, kó má dúró, kó má pa á mọ́ra, kó sọ fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá tètè gbọ́, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n lè fún un, wọ́n á sì rí i dá padà. Tí wọn ò bá tètè gbọ́, kò dájú.

Ẹ̀rù bà mí láti ọjọ́ náà. Èmi wà nílé, èmi máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí n kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ta ló wà nígboro yìí tí Màmá máa sọ fún pé òun ń tú tí kò ní wo bàtà rẹ̀? Mo pinnu pé màá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Màmá, ẹ sọ pé, 'Ó ń ṣe mí bíi kí n dákú.'"

"Ta ló dákú?"

"Ẹ̀yin ni. Tó bá fẹ́ ṣe yín."

"Tí mo bá ti dákú, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

"Kí ẹ tó dákú ni."

"Kí n tó dákú, mo ń tú nìyẹn." Ó fi sùúrù wò mí, bíi pé èmi ni ọmọ tí kò gbọ́ ìṣirò. "Ọ̀rọ̀ tìẹ yìí gùn jù. Èèyàn á ti tú tán kó tó sọ ọ́ dé ìdajì."

Mo ní kó kúkú sọ pé ó rẹ òun. Ó ní ó ń rẹ òun lójoojúmọ́, pé ìyẹn ò kan dókítà. Lójoojúmọ́ ni mò ń bá a fà á, tí mo bá ń fi oògùn sí i lọ́wọ́. Ó máa ń sọ ọ́ láti fi tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ló ń sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé kò ní rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá le.

Mo wá pe Bọ̀dá lórí fóònù. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, kó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an fún wọn, kí wọ́n mọ̀.

"Àwàdà téèyàn bá jókòó tó ń túmọ̀ ẹ̀, ó ti kú nìyẹn," ló wí.

"Jẹ́ kó kú."

Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun máa rò ó. Mo gbà pé lóòótọ́ ló fẹ́ rò ó, torí pé èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í lè ṣe ohun tó máa mú ẹnì kan bínú, ìbáà jẹ́ olóòtú.

Òwúrọ̀ ni a lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ọjọ́ tí dókítà dá fún un ni, kò sí nǹkan tó ń ṣe é jùyẹn lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀, bàtà kánfáàsì mi tó ní okùn ni mo wọ̀ fún un. Èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, a rí àyè lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì. Ọ̀nà yàrá dókítà jìn sí ibi tí a jókòó, orúnkún Màmá ò sì lè rìn ín. Mo bá lọ sísàlẹ̀ láti lọ wá àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti aláìsàn. Mo sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ó ní kí n má sáré lórí àtẹ̀gùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó padà, nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, ó ń sunkún, kò sì fi ohunkóhun pa mọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé òun ló rọrùn jù láti bínú sí. Ó ní Màmá na ọwọ́ kan tábìlì òun, ó ní, "Ọmọ mi, mo ń tú." Ó gbé ojú sókè, ó rí obìnrin àgbà kan tó ń sọ èdè orí òkè pọ́ńbélé, tó di ojú rẹ̀ le koko. Ó ní inú òun dùn débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ patẹ́wọ́. Ó dà bíi pé Màmá Òkè jáde látinú ìwé ìròyìn wá kí òun. Ó ní, "Màmá, ẹ so ó kó le." Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún un sọ. Nọ́ọ̀sì wá wo ilẹ̀, ó sì rí i pé okùn bàtà kan tú lóòótọ́. Ó dìde ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó so okùn náà dáadáa, ó so ó ní ìsó méjì, ó sì fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá ní, "Kì í ṣe bàtà."

Nọ́ọ̀sì ní ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá pa gbogbo èèyàn, torí pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe ti àga náà yọ, mo gbọ́ ẹ̀rín, inú mi dùn díẹ̀, mo rò pé Màmá ń dá wọn lára yá. Mo wá rí ojú rẹ̀. Òógùn bò ó, ètè rẹ̀ ti funfun. Orí rẹ̀ fara ti ògiri. Ó wò mí, ó sì sọ ọ́ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí bàbá wa ṣe sọ ọ́. Mo ju àga nù. Mo dì í mú, mo sì fi igbe ta, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni èdè ilé wa, torí pé òun ló wà nísàlẹ̀ ikùn mi. Mo ní, "Màmá mi ń tú, ẹ gbà mí, ó ń tú."

Gbogbo bẹ́ǹṣì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì wé lẹ́sẹ̀, ẹni tó ń wúkọ́, ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn. Wọ́n ní, "So ó kó le."

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tó dáa ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni mọ̀ mí. Mo wá wá èdè wọn rí, mo ní, "Ó ń kú lọ." Ìyẹn yé wọn. Nọ́ọ̀sì fò dìde, wọ́n sáré, wọ́n gbé e, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi ro wọ́n. Ilẹ̀kùn tó ń tì fúnra rẹ̀ pa dé mọ́ wọn, èmi wà níta pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan tó bọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e. Dókítà jáde sí mi nígbà tó pẹ́. Ó ní Màmá ti lọ. Ó ní kí ló dé tí a ò tètè sọ.

Bọ̀dá dé, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò dín in kù. Mo fẹ́ kó dùn ún. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí Màmá jókòó sí. Ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ báńdéèjì yẹn dá a mọ̀ láti ara àwòrán inú ìwé ìròyìn, ó na ọwọ́ sí i, ó ń kí i kú iṣẹ́. Bọ̀dá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Lẹ́yìn tí a sin Màmá, Bọ̀dá kọ ọ́. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n kọ́kọ́ kà á, èyí tí kò ṣe rí. Kò fi èdè òkè sí i rárá. Ó sọ pé ìyá òun ló ń jẹ́ Màmá Òkè, pé ó ti kú. Ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àti ibi tí bàbá wa dúró sí nígbà tó sọ ọ́. Ó sọ ti nọ́ọ̀sì àti okùn bàtà, ó sọ ohun tí gbogbo bẹ́ǹṣì dáhùn, ó sì bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má fi í ṣeré mọ́, pé tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà kan, kí wọ́n dì í mú. Mo kà á lórí ìdúró, ọwọ́ mi kan lórí aṣọ tó tutù. Mo sunkún. Mo sọ fún un pé ohun tó yẹ kó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àti pé mo dúpẹ́, inú mi sì rọ̀ sí i díẹ̀.

Olóòtú kà á, ó sì pè é lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o fẹ́ pa wá ni?" Bọ̀dá ní òótọ́ ni, ìyá òun kú lóòótọ́. Olóòtú kẹ́dùn, ó kí i dáadáa, ó bèèrè mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ibi tí nọ́ọ̀sì ti kúnlẹ̀ yẹn." Ẹ̀rín tún gbé e.

Ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ tó máa ń jáde. Mo wà nídìí áyọ́ọ̀nù nígbà tí olùkọ́ kan tó máa ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá fún mi wọlé, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. Ó ní ṣé mo ti kà á. Kò dúró gba èsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún mi, ó ń yí ohùn padà sí ti ìyá arúgbó, ohùn tí kò sí nínú ohun tí Bọ̀dá kọ. Nígbà tó dé "Kì í ṣe bàtà," ó ní láti di etí tábìlì mi mú.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Mo ní, "Ìyá mi ni, Tíṣà. Ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni. Nọ́ọ̀sì yẹn so bàtà ìyá mi, ìyá mi sì kú lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀rín rẹ̀ dúró. Ó wò mí dáadáa, láti ojú dé ọwọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, jẹ́jẹ́, ó ń dúró kí n sọ èyí tó kù nínú àwàdà náà.